Ilé Àdùnní Olórìṣà ní Òpópónà Ìbòkun, Òṣogbo: Àgbéyẹ̀wò Ọnà Ilé Kíkọ́

Púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ṣe lórí Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, ni ó dá lé Igbó Ọ̀ṣun. Èyí kò yani lẹ́nu, nítorí pé ní ọdún 2005 ni àjọ UNESCO fi igbó náà kún àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ó ń gbé ní òpópónà Ìbòkun títí ó fi jáde láyé ní ọdún 2009 ni wọ́n kàn máa ń fẹnu bà kọjá.

Ohun tí ó yẹ ní títẹnumọ́ ni pé Wenger kọ́ ni ó gbé àṣà ilé náà dé. Ilé Àgùdà ni. Àwọn Yorùbá tí wọ́n ti oko ẹrú Bùràsíìlì padà sí Èkó ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún ni wọ́n mú irú ilé kíkọ́ yìí bọ̀, ó sì tàn dé àárín ilẹ̀ Yorùbá. Ní Iléṣà, àwọn Òṣómàáló tí wọ́n ń ta aṣọ láwìn káàkiri fi èrè wọn kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sílé. Agbo ilé àtijọ́ kọjú sínú: ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí àgbàlá ká, inú àgbàlá ni òjò ń rọ̀ sí. Ilé Àgùdà kọjú síta ní tirẹ̀. Ọ̀nà gbọọrọ là á láàrin, yàrá wà lọ́tùn-ún lósì, ọnà sì kún ògiri iwájú kí ará àdúgbò lè mọ̀ pé onílé rí já jẹ. Àwọn mìíràn a tún gbé kìnnìún sìmẹ́ǹtì síbẹ̀, èyí tí kò yẹ ní fífi ṣe yẹ̀yẹ́ rárá.

Láti inú iṣẹ́ bíríkìlà bẹ́ẹ̀ ni Adébísí Àkànjí ti wá, òun ni ó sì ṣe ògiri ọlọ́nà ti ilé Wenger. Irin àti sìmẹ́ǹtì ni ó fi ya ènìyàn àti ẹranko, tí afẹ́fẹ́ ń gba àárín wọn kọjá. Ẹni tí ó wà lójú títì ń rí inú, ṣùgbọ́n kò rí i tán. Ọgbọ́n yìí ni ẹwà ilé náà: ó dá díẹ̀ nínú àṣírí agbo ilé padà fún ilé tí ó ti kọjú sí ọjà. Nítorí náà, àṣìpè ni bí àwọn kan ṣe ń pè é ní iṣẹ́ òyìnbó.

Ilé náà kò ṣàìní àbùkù. Ère kún inú rẹ̀ dé ibi pé ojúbọ fẹ́rẹ̀ẹ́ borí ibùgbé, ọ̀rinrin sì jẹ́ ọ̀tá irin tí ó wà nínú sìmẹ́ǹtì. Síbẹ̀, orúkọ Wenger ń dáàbò bò ó. Àwọn bíríkìlà tí wọ́n kọ́ ilé Òṣómàáló ní Iléṣà kò ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn wọn. Bí ọmọ ilé bá wó ògiri iwájú láti fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ṣọ́ọ̀bù, kò sí ìwé tí yóò sọ ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe ọnà ibẹ̀, àfi bí olùkọ́ tí ó wà nítòsí bá ti kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbẹ̀ láti yà á, kí wọ́n sì bi àwọn àgbà ilé léèrè.