Oríire Ọmọ-Ogun Kan

Àwọn àgbà ní arọ́bá ni baba ìtàn. Síbẹ̀, nínú ìtàn Ogun Hítílà tí a ń kà, ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gágun Òyìnbó ni ó pọ̀ jù. Ti àwọn ọmọ wa tí ó lọ sí Bọ́mà kò tó nǹkan. Ìdí nìyí tí ìwé Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùré-Ilé, *A Stroke of Unbelievable Luck* (1999), fi ṣe iyebíye.

Ní 1944, àwọn ọmọ-ogun Jàpáànì kọlu ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́bàá odò Kaladan, ìbọn sì ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án ni òun àti David Kargbo, ọmọ Sàró, fi sá pamọ́. Shuyiman, Mùsùlùmí ará abúlé kan, ni ó ń bọ́ wọn. Fadoyebo kò sọ ara rẹ̀ di akọni. Oore tí a ṣe fún un ni ó ń ròyìn. Ibẹ̀ ni agbára ìwé náà wà.

Àléébù kan ni mo rí: Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́. Ohun tí àkọlé náà ń sọ ni àwa ń pè ní oríire, ṣùgbọ́n kò sí orí nínú ọ̀rọ̀ ti Òyìnbó. Bí ó bá jẹ́ pé Yorùbá ni ó fi sọ ọ́, ǹjẹ́ orí rẹ̀ ni ìbá yìn ni, tàbí Ọlọ́run, tàbí Shuyiman nìkan? A kò lè bi í mọ́. Ó ti kú ní 2012.

Oníròyìn Òyìnbó kan, Barnaby Phillips, fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ó sì mú lẹ́tà ọpẹ́ rẹ̀ tọ ìdílé Shuyiman lọ. Kí ni àwa tí a gbọ́ èdè rẹ̀ ṣe?

Àwọn tí ó ja ogun abẹ́lé 1967 sí 1970 ti ń darúgbó. Ẹ jẹ́ kí á tọ̀ wọ́n lọ, kí á fi èdè tí wọ́n fi ń gbàdúrà bi wọ́n léèrè, kí á sì kọ èsì wọn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti sọ ọ́.