Ẹlẹ́wọ̀n Dúdú Inú La Grande Illusion

Tẹ́ ẹ bá wo La Grande Illusion, sinimá tí Jean Renoir ṣe ní 1937, ẹ lè béèrè pé ṣé ẹ̀wọ̀n rèé àbí ilé àlejò. Ogun Àgbáyé Kìíní ni. Àwọn ará Jámánì mú àwọn ọ̀gá sójà Faransé, síbẹ̀ àwọn ẹlẹ́wọ̀n yìí ń jẹun ju àwọn tó ń ṣọ́ wọn lọ. Ilé Rosenthal lówó. Oúnjẹ tí wọ́n ń dì ránṣẹ́ sí i ni gbogbo yàrá ń bá a jẹ. Kábéèjì ni tàwọn ẹ̀ṣọ́! Wọ́n ń ṣeré orí ìtàgé, wọ́n sì ń gbẹ́ ihò abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbà sá lọ.

Renoir ò purọ́. Òfin Hague ti 1907 ní wọn ò gbọdọ̀ fi ọ̀gá sójà tó bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá ṣiṣẹ́, owó oṣù sì tọ́ sí i. Sójà lásán ni wọ́n lè kó lọ sẹ́nu iṣẹ́.

Àmọ́ ipò ju ipò lọ láàárín àwọn ọ̀gá náà. Nígbà tí wọ́n ń tú yàrá wò, Rauffenstein tó ń ṣàkóso ẹ̀wọ̀n ní kí Boeldieu fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ jẹ́rìí, torí ọmọ ọlọ́lá bíi tiẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu Maréchal tó jẹ́ mẹkáníìkì, àti ti Rosenthal tó jẹ́ Júù, kò tà lọ́jà rẹ̀. Ibí yìí làwọn alárìíwísí máa ń dúró sí.

Èmi ò lè dúró síbẹ̀, torí èèyàn dúdú kan wà nínú yàrá yẹn. Ará Sẹ̀nẹ̀gà ni, Habib Benglia ló ṣe é, wọn ò sì fún un lórúkọ. Ó ń ya àwòrán tirẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó yà á tán, ó gbé e fún wọn wò: Ìdájọ́ Òdodo tó ń lé Ìwà Ọ̀daràn. Wọ́n kàn fojú kan án, wọ́n sì padà sídìí ọ̀rọ̀ wọn.

Mi ò gbà pé Renoir ṣèèṣì ni. Ẹni tó bá kàn fẹ́ fi èèyàn dúdú kún yàrá ò ní fún un níṣẹ́ ọwọ́, ká má tíì sọ irú àkọlé bẹ́ẹ̀. Ẹ̀sùn mi ni pé lẹ́yìn tó jẹ́ ká rí bí wọ́n ṣe fojú fò ó, òun náà fojú fò ó. Boeldieu kú kí Maréchal àti Rosenthal lè sá lọ. Kámẹ́rà tẹ̀ lé àwọn méjèèjì títí dé inú yìnyín, a ò sì rí ayàwòrán wa mọ́.

Tẹ́ ẹ bá tún un wò, ẹ dá a dúró níbi tó ti gbé bébà yẹn wá. Ojú tirẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò, ẹ fi Gabin sílẹ̀ ná.