Ẹ Kí Atukọ̀ Weymouth

Bí ọ̀rẹ́ bá kó owó jọ háyà ọkọ̀ ní Weymouth, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti lọ fi ìwọ̀ pẹja lójú òkun, atukọ̀ ni ìyìn tọ́ sí jù. Lórí Shambles, òkìtì yanrìn abẹ́ omi nítòsí Portland, kì í ju ìdákọ̀ró. Á jẹ́ kí ìṣàn òkun rọra gbé ọkọ̀ kọjá, kí òjé máa wọ́ ìjẹ lọ nílẹ̀ títí dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí turbot, ẹja pẹlẹbẹ olówó ńlá, ti ń lúgọ de ẹja wẹ́wẹ́. Á tún tukọ̀ padà, á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó mọ ìrìn omi tó báyìí, tó sì ń rí i pé ẹja kékeré padà sómi láàyè, ọ̀gá ni.