Sípíkà Àtijọ́ àti ti Òde-Òní: Èwo Ni Kí A Rà?

Àwọn kan ti sọ sípíkà àtijọ́ di òrìṣà. Kí wọ́n sáà ti rí àpótí pákó gbàǹgbà, ó parí, wọ́n á ní kò sí irú rẹ̀ mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ní tiwọn ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò sí lẹ́yìn ẹnì kankan. Àwo orin ni mo fi ń dán sípíkà wò.

Ẹ gbé àwo Òròkí Social Club tí Hárúnà Ìṣọ̀lá ṣe ní 1971 sórí ẹ̀rọ. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń bẹ lókè, àgídìgbo ń bẹ nísàlẹ̀, ohùn Bàbá Gàní Àgbà àti ìlù wà láàrin. Ìlù wa kì í dún lásán, ó ń fọhùn. Bí sípíkà bá da ohùn òkè pọ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀, òwe tí onílù pa ti sọnù nìyẹn. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ sípíkà òde-òní olówó pọ́ọ́kú ti ń já mi kulẹ̀: gbì-gbì-gbì nìkan ni wọ́n mọ̀.

Sípíkà ńlá bíi JBL L100 ti 1970, tí bébà ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì 12, kì í làágùn kó tó kọrin. Agbára díẹ̀ tó o. Àmọ́ kì í ṣe idán. Ní 1954 ni Edgar Villchur ní Amẹ́ríkà ti fi AR-1 han aráyé pé àpótí tí kò tóbi, tí a dí pa, tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń ṣe bíi sípíríǹgì, lè gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde dáadáa. Gbèsè ibẹ̀ ni pé ańpílífáyà gbọ́dọ̀ lágbára: sípíkà tó bá fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 3 rẹlẹ̀ sí èkejì, agbára ìlọ́po méjì ló ń bèèrè kí ohùn wọn tó dọ́gba. Àwọn kékeré òde-òní ṣì ń san gbèsè yẹn.

Ẹ̀yin tó ń ra tòkunbọ̀, ẹ yọ aṣọ ojú rẹ̀, kí ẹ fi ìka kan etí bébà náà jẹ́jẹ́. Bó bá jẹ́ fóòmù tó ti lé lógún ọdún, ó lè rún sí yín lọ́wọ́ bí àkàrà àná. Wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ yọ owó yẹn kúrò nínú iye tí ẹ ó san. Bó bá jẹ́ aṣọ, ẹ máa ná an lọ.

Fún àpàlà àti jùjú, àpótí ńlá àtijọ́ tí ara rẹ̀ le ni n ó mú. Ẹni tó ń gbé yàrá kan, kó ra kékeré tòde-òní tó jíire, kó sì fi ańpílífáyà gidi tì í lẹ́yìn. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ ní kí ọlọ́jà kọ́kọ́ fi àwo tó ní gángan sí i. Bí ẹ kò bá gbọ́ ohun tí gángan ń wí, ẹ dá owó yín padà sápò.