Ǹjẹ́ Inú Ẹ̀jẹ̀ Ni Ohùn Wà?
Ní 2007, Dan Dediu àti Robert Ladd ti Yunifásítì Edinburgh gbé ìran ènìyàn 49 yẹ̀ wò. Wọ́n ní níbi tí ẹ̀dà tuntun jíìnì méjì, ASPM àti Microcephalin, kò ti wọ́pọ̀, ibẹ̀ ni èdè olóhùn pọ̀ sí. Wọ́n kìlọ̀ pé kò sí ọmọ tó ń jogún èdè. Ìtẹ̀sí kékeré ni, tó ń rọra kóra jọ láti ìran dé ìran. Àwa òǹkàwé la ń gbàgbé ìkìlọ̀ yìí.

Ọmọ Odomèta tó mọ ìyàtọ̀ igbá àti ìgbà láti kékeré, Faransé aláìlóhùn ni yóò bá nílé ẹ̀kọ́, yóò sì gbọ́ ọ. Ní Bàhíà ńkọ́? Ìjọ Candomblé kan ṣì ń jẹ́ Ketu níbẹ̀, ṣùgbọ́n Potogí ni àrọ́mọdọ́mọ àwọn ẹrú ń sọ. (Ìran ti dàpọ̀ níbẹ̀, nítorí náà n kò ní fi ìyẹn nìkan dá wọn lẹ́bi.)

Ibi tí mo ti bá wọn jà ni ìṣirò wọn: èdè lóhùn tàbí kò lóhùn, ó parí. Bí a bá kà báyìí, Yorùbá Kétu àti Fọ̀n aládùúgbò rẹ̀ yóò bọ́ sínú àpótí kan náà, bẹ́ẹ̀ ohùn wọn kò ṣiṣẹ́ bákan náà rárá.