Adé, Oríkì àti Blockchain: Ọ̀rọ̀ Ẹ̀rí Lórí Iṣẹ́ Ọnà ní Òkukù, Ìníṣà àti Ìkìrun

Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan iṣẹ́ ọnà orí kọ̀ǹpútà, ìbéèrè méjì ni ó máa ń kọ́kọ́ yọjú: ta ni ó ni ín, ta sì ni yóò tọ́jú rẹ̀? Ìdáhùn tí àwọn alágbàwí blockchain ń fún ìbéèrè méjèèjì kò ju ọ̀kan lọ. Wọ́n ní ìwé àkọsílẹ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ń tọ́jú pọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò lè dá yí ohun tí ó ti wọ inú rẹ̀ padà; kí oníṣọ̀nà fi iṣẹ́ rẹ̀ sínú ìwé náà, ọ̀ràn parí. Iṣẹ́ yìí gbé ìdáhùn náà yẹ̀ wò lójú ohun tí ó ti wà nílẹ̀ ní Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù, ìlú mẹ́ta tí wọ́n wà lójú ọ̀nà Òṣogbo sí Ọ̀fà, níbi tí oríkì ti jẹ́ ìwé-ẹ̀rí ènìyàn, ti ilé àti ti ìlú kí kọ̀ǹpútà tó dé. Àbá tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé ẹ̀rí tí blockchain ń jẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí tí wọ́n ní ó ń jẹ́.

Kí àríyànjiyàn tó bẹ̀rẹ̀, ìṣiṣẹ́ ìwé náà gbọ́dọ̀ yé ni. Ìdì ìdì ni wọ́n ń to àkọsílẹ̀ inú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà a fa òǹkà gígùn kan yọ láti inú ìdì kọ̀ọ̀kan, a sì kọ òǹkà yìí sínú ìdì tí ó tẹ̀lé e. Bí ẹnì kan bá lọ yí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo padà nínú ìdì àtijọ́, òǹkà rẹ̀ yóò yàtọ̀, kò ní bá èyí tí ó wà nínú ìdì kejì mu mọ́, àwọn kọ̀ǹpútà yòókù yóò sì kọ̀ ọ́. Bákan náà ni wọ́n lè fa òǹkà yọ láti inú àwòrán tàbí láti inú ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Bí àyípadà bín-ín-tín bá bá àwọ̀ ibì kan nínú àwòrán náà, òǹkà mìíràn pátápátá ni yóò jáde. Ohun tí wọ́n ń pè ní NFT kò ju ìlà àkọsílẹ̀ kan lọ, tí ó ń sọ pé ẹni tí kọ́kọ́rọ́ àṣírí báyìí wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ni àmì báyìí. Kevin McCoy, oníṣọ̀nà ará Amẹ́ríkà, ti dán irú rẹ̀ wò ní 2014; ṣùgbọ́n oṣù kẹta ọdún 2021, nígbà tí Christie's ta iṣẹ́ Beeple ní owó tí ó lé ní mílíọ̀nù 69 dọ́là, ni ariwo rẹ̀ tó gba ayé kan. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà ni Christie's ta iṣẹ́ Osinachi, ọmọ Nàìjíríà, ní Lọ́ńdọ̀nù.

Àwòrán fúnra rẹ̀ kì í sábà sí nínú ìwé yìí. Àyè inú rẹ̀ gbówó lórí, nítorí náà àdírẹ́sì ibi tí àwòrán ń gbé ni wọ́n máa ń kọ sí i. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ FTX wó lulẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, àwọn kan tí wọ́n ra NFT lọ́dọ̀ rẹ̀ rí i pé àkọsílẹ̀ wọn wà níbẹ̀ digbí ṣùgbọ́n àwòrán kò sí mọ́, nítorí orí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà ni ó ń gbé. Àwọn mìíràn ń lo IPFS, níbi tí kọ̀ǹpútà púpọ̀ ti lè pín fáìlì kan tọ́jú; síbẹ̀, fáìlì tí ẹnikẹ́ni kò bá tọ́jú níbẹ̀ mọ́ yóò di àwátì. Ìpamọ́ tí wọ́n ń pariwo rẹ̀, ìpamọ́ orúkọ ni. Ara kò sí nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí jíjẹ́ ni ó le jù. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, ọjà OpenSea fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ohun tí ó lé ní ìdá 80 nínú 100 àwọn NFT tí àwọn ènìyàn fi irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ rẹ̀ ṣe ni ó jẹ́ iṣẹ́ oníṣẹ́, ayédèrú tàbí pàǹtí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí blockchain kọ̀. Ohun tí ó mọ̀ ni pé ní wákàtí báyìí, ẹni tí ó ni kọ́kọ́rọ́ báyìí wí báyìí. Bí olè bá ṣáájú oníṣọ̀nà dé ibẹ̀, ọjọ́ olè ni yóò pẹ́ jù nínú àkọsílẹ̀, àìṣeéyípadà ìwé náà yóò sì di ògiri tí olè fẹ̀yìn tì.

Ní Òkukù, ibi tí Karin Barber gbé láàrin 1974 sí 1977, tí ó sì kọ ìwé I Could Speak Until Tomorrow lé lórí ní 1991, ìjẹ́rìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ènìyàn mẹ́ta ni ó máa ń wà nídìí oríkì kan: ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣẹ̀dá gbólóhùn náà, tí orúkọ rẹ̀ ti sọnù lọ́pọ̀ ìgbà, apohùn tí ó ń pè é lónìí, àti ẹni tí à ń fi kì. Ti ẹnì kẹta yìí ni oríkì. Obìnrin ilé tí ó mọ̀ ọ́n kì ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ kò lè sọ pé òun ni òun ni ín. Ẹnu rẹ̀ ni ó yá ilé. Blockchain kò ní àyè fún ènìyàn mẹ́ta. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó mọ̀, ìyẹn ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìbáà ṣe òun ni ó dá iṣẹ́ náà, ìbáà má ṣe òun.

Ìyàtọ̀ kejì wà nínú bí wọ́n ṣe ń yẹ ẹ̀rí wò. Ìyàwó tí ó ń sun rárà ìyàwó kí ó tó relé ọkọ kò dá a sun nínú igbó. Etígbọ̀ọ́ àwọn ìyá àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí wọ́n ti sun irú rẹ̀ rí, ni ó ti ń sun ún. Bí ó bá fi oríkì orílẹ̀ onílé mìíràn kún ti bàbá rẹ̀, ẹni tí yóò tún un ṣe kò jìnnà. Ọmọ Ìníṣà tí wọ́n fẹ́ sí Òkukù, tàbí ọmọ Òkukù tí ó relé ọkọ ní Ìkìrun, gbé oríkì ilé rẹ̀ dání lọ, àwọn àna tí wọ́n ń gbọ́ ọ a sì di ẹlẹ́rìí kún ẹlẹ́rìí. Nígbà ogun Jálumi ní 1878, tí àwọn ará Òkukù sá lọ forí pamọ́ sí Ìkìrun, ìlú wọn dahoro. Lẹ́yìn ogun ni wọ́n padà. Ohun tí ilé kọ̀ọ̀kan fi mọ ara rẹ̀ láàrin àlejò ní gbogbo àsìkò yẹn, ẹnu àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ó wà. Àwọn tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe ẹlẹ́yà pé kì í pẹ́ kò tíì ronú kan ìlú tí ó ṣí kúrò nílẹ̀ odindi, tí ó sì tún padà di ara rẹ̀.

Èyí kò sọ oríkì di ẹlẹ́rìí tí kì í ṣìṣe. Barber fúnra rẹ̀ fi hàn pé gbólóhùn oríkì a máa ṣí láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn, pé àwọn ènìyàn ńlá a máa fi ẹnu apohùn kó iyì jọ, àti pé oríkì kò ṣeé kà bí ìtàn àfi bí ẹni tí ó mọ ìtàn tí ó rọ̀ mọ́ ọn bá tú u. Ewu tí ó tún pọ̀ jù èyí lọ ni pé àwọn olùgbọ́ ń dín kù. Bí àwọn ìyá tí wọ́n mọ̀ ọ́n bá ti lọ tán, tí àwọn ọmọ sì fọ́n ká sí Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù, ta ni yóò sọ fún ìyàwó pé ibi báyìí kì í ṣe ti bàbá rẹ̀? Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ alohùn kọ etí ikún sí ọ̀rọ̀ blockchain, bí ariwo ọjà tí ó yí i ká tilẹ̀ ń bí wọn nínú.

Àpẹẹrẹ kan láti 2022 mú ọ̀rọ̀ ẹnì kẹta ṣe kedere. Adisa Olashile, ọ̀dọ́mọkùnrin ayàwòrán, ya bàbá àgbàlagbà onílù kan, ó ta àwòrán méjì gẹ́gẹ́ bí NFT ní 0.3 ether ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì pín owó náà sí méjì, ó fún bàbá ní ìdajì. Ayé yìn ín, ìyìn náà sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ohun tí lámèyítọ́ gbọ́dọ̀ bi ni ibi tí ìdajì náà ti wá. Kì í ṣe inú àkọsílẹ̀. Ayàwòrán àti olùrà nìkan ni àkọsílẹ̀ mọ̀. Onílù kò ní kọ́kọ́rọ́. Ìwà ọmọlúàbí ayàwòrán ni ó mú un wọlé. Lóòótọ́, wọ́n lè kọ àdéhùn sínú blockchain pé kí ìdá kan máa lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ojú rẹ̀ wà nínú àwòrán, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni kọ́kọ́rọ́ ni yóò kọ́kọ́ fẹ́ bẹ́ẹ̀. Nínú ọgbọ́n oríkì, kò sí ìfẹ́ inú ẹnikẹ́ni níbẹ̀: ẹni tí à ń kì ni ó ni ín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Rowland Abíọ́dún, nínú ìwé rẹ̀ Yoruba Art and Language tí ó jáde ní 2014, jà fún un pé iṣẹ́ ọnà Yorùbá fúnra rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ oríkì, àti pé ẹni tí kò bá gbọ́ èdè kò lè rí ọnà náà tán. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá jẹ́ òtítọ́, àkọsílẹ̀ tí kò ní ju òǹkà àti kọ́kọ́rọ́ lọ kù díẹ̀ káàtó. Ó lè sọ pé àwòrán báyìí ni wọ́n gbé wá. Kò lè sọ adé ta ni, tàbí ọba tí ó dé e.

Adé ni ọ̀rọ̀ yìí sì kàn gan-an ní Òkukù. Ní 1982 ni Ulli Beier tẹ ìwé kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lórí àwọn adé ìlẹ̀kẹ̀ Olókukù. Beier kú ní 2011. Apá kan nínú àkójọ àwòrán àti ìwé rẹ̀ wà ní ibùdó àṣà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí CBCIU ní Òṣogbo, tí wọ́n dá sílẹ̀ lábẹ́ ìjọba Ọlágúnsóyè Oyinlọlá, ọmọ ọba Òkukù. Kò sí ohun tí ó dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti ya ojú ìwé kan nínú ìwé 1982 náà lónìí, kí ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ kọ ọ́ sórí blockchain. Òfin Àṣẹ-Ẹ̀dá ti 2022, tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023, dáàbò bo iṣẹ́ àdáyébá àwọn ìlú, ṣùgbọ́n òfin lè dá olè lẹ́bi kí àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ohun tí ó dára jù ni kí ààfin àti àwọn agboolé ṣáájú. Kí wọ́n gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, ẹni tí ó sọ̀rọ̀, ilé rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́. Kí wọ́n kọ òǹkà ohùn àti àwòrán sórí blockchain láìta ohunkóhun. Kí fáìlì wà ní ààfin, ní CBCIU àti ní yunifásítì kan ó kéré tán. Bí ilé mìíràn bá sì ní ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kọ ẹ̀rí tiwọn tẹ̀lé e. Ìwé náà kò gba píparẹ́, ṣùgbọ́n ó gba àfikún, àfikún sì ni àwọn ìyá tí ń tún rárà ìyàwó ṣe ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́.

Ó ku ibì kan tí ó díjú. Èèwọ̀ ni kí ọba wo inú adé rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó ń ya nǹkan yípo lóde òní kò mọ èèwọ̀. Àtinú àtòde ni ó ń kó. Bí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà sì pín in tọ́jú, kò sí ẹni tí yóò lè kó o padà. Ṣùgbọ́n òǹkà rẹ̀ nìkan lè lọ, kí àwòrán jókòó sí ààfin, nítorí kò sí ọgbọ́n tí ẹnikẹ́ni lè fi rí adé láti inú òǹkà. Lọ́jọ́ tí àjèjì kan bá gbé àwòrán mìíràn jáde pé ti Olókukù ni, àwọn olùtọ́jú adé yóò tún òǹkà fáìlì tiwọn fà yọ lẹ́ẹ̀kan sí i, yóò bá èyí tí ó wà nínú ìwé mu, wọn yóò sì rí i pé láti ọjọ́ báyìí ni tiwọn ti wà bẹ́ẹ̀ láìyí padà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣí ohun tí kò yẹ kí ojú rí.