Ọjà Aláìlówó: Àkíyèsí lórí Orí 55 Ìwé Wòlíì Àìsáyà

Nínú gbogbo ibi tí Bíbélì ti sọ̀rọ̀ nípa ọ̀pọ̀ oore Ọlọ́run, díẹ̀ ni ó dùn létí bí ìbẹ̀rẹ̀ orí 55 ìwé wòlíì Àìsáyà. Kò jọ ìwàásù rárá. Igbe ẹni tí ń polówó ọjà ni. Ọlọ́run ń pe ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ síbi omi, ó sì ń fi wáìnì àti wàrà lọ ẹni tí kò ní owó lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé àwọn Júù tí a kó nígbèkùn lọ sí Bábílónì ni a kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà fún, àwọn tí wọ́n ti pàdánù ilẹ̀ àti tẹ́ńpìlì wọn.

Ohun tí a fẹ́ kí òǹkàwé ṣàkíyèsí ni ọ̀rọ̀ kékeré náà, "rà". Wòlíì kò ní kí aláìní wá tọrọ. Ó ní kí ó wá rà, láìsan ohunkóhun. Lójú ọlọ́jà, ọ̀rọ̀ náà tako ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Alágbe a máa tẹrí ba. Oníbàárà a máa nàró, a sì máa yan èyí tí ó wù ú. Ọlọ́run pèsè oúnjẹ, kò sì fi ìtìjú kún un.

Èdè Faransé ní "grâce", ìbátan "gratuit", ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tí ń sọ èdè náà kì í rántí ìbátan yìí. Yorùbá gbé e síta gbangba: oore-ọ̀fẹ́. Àǹfààní ni, ó sì léwu, nítorí a sábà máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ohun ọ̀fẹ́. "Rà" ni ó yọ ọ̀rọ̀ náà nínú ewu: ohun tí a ń rà níye lórí.

Samuel Ajayi Crowther, aṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì Yorùbá tí ó parí lódindi ní 1884, ni a kó lẹ́rú ní 1821, tí a sì tà láti ọwọ́ dé ọwọ́ kí a tó gbà á sílẹ̀ ní 1822. Ẹni tí a ti fi owó rà rí mọ ìwúwo ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ fi èyí wé òwe àsè ńlá inú orí 14 ìwé Lúùkù. Ẹni àkọ́kọ́ tí a pè ra ilẹ̀, ẹnìkejì ra màlúù, ẹnìkẹta gbéyàwó. Gbogbo wọn kọ̀. Ohun tí àwọn méjì àkọ́kọ́ fi owó rà ni ó dí wọn lọ́nà. Àwọn tálákà, afọ́jú àti arọ ni a mú wọlé dípò wọn. Owó kò lè ra àyè níbi àsè yìí, ṣùgbọ́n ó lè mú ni pàdánù rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá láti Kétu dé Àjàṣẹ́. Bí a bá ń pe orúkọ ènìyàn lọ́jọ́ ìkórè gẹ́gẹ́ bí owó rẹ̀ ti pọ̀ tó, tí opó kan sì jókòó sílé nítorí ìtìjú, a ti yí ìpè náà padà. A kò sọ pé kí ìjọ má gba ọrẹ. Òrùlé tí ń jò ń fẹ́ àtúnṣe. Ohun tí a sọ ni pé ẹni tí ó ti jẹun yó ni ọpẹ́ yẹ lẹ́nu rẹ̀. Ọrẹ a máa tẹ̀lé àsè. Kì í ṣe owó ẹnu ọ̀nà.